Ẹ Má Fi Orúkọ Òfin Tuntun Ti Àwọn Ọmọ Wa Sẹ́yìn Kíláàsì

 Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa kan ni, àwọn tí a máa ń dọ́gbọ́n gbé jókòó sẹ́yìn ìsọ̀ tí oníbàárà bá ti ń bọ̀: ọmọ tí kì í gbọ́ràn, ọmọ tí kò ríran dáadáa, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju ti ọlọ́dún mẹ́ta lọ. Ẹ rìn ní ìlà kan péré nínú ọjà wa, ẹ ó rí wọn.

Ìjọba ní ètò tuntun ti dé fún wọn, ètò náà sì dùn-ún gbọ́ létí. Wọn kò fẹ́ ká máa kó irú àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ sí ilé ìwé ọ̀tọ̀ mọ́. Kí gbogbo ọmọ jọ jókòó nílé ìwé àdúgbò ni wọ́n ń wí. Inclusive ni àwọn alákọ̀wé ń pè é. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ fún ìyà. Òfin ọ̀hún ní ẹ̀kọ́ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí sẹ́kọ́ńdírì. Ó ní gbogbo ilé ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ gbà wọ́n, kí ẹnì kan, ó kéré tán, tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀kọ́ wọn wà níbẹ̀, kí irinṣẹ́ wọn náà sì wà. Ó tún ní kí ìwé àfọwọ́kà ti àwọn afọ́jú àti èdè ọwọ́ ti àwọn adití wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé. Ìpínlẹ̀ Èkó tiẹ̀ ti ṣe òfin tirẹ̀ ṣáájú, láti 2011. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní ṣe àmín?

Èmi náà ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ọjà ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan. Kò sẹ́ni tó ń já páálí ẹja yìnyín sílẹ̀ kó tó máa wá fírísà kiri. Fírísà ló ń ṣáájú, epo jẹnẹrétọ̀ á ti wà nílẹ̀, kí ẹja tó dé. Nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwé yìí, ẹja ni wọ́n ń já ṣáájú. Wọ́n ní kí ọmọ máa bọ̀, títíṣà tó gbọ́ èdè ọwọ́ kò sí, ìwé àfọwọ́kà kò sí, àtẹ̀gùn mẹ́fà ló wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ilé ìyàgbẹ́ sì wà lẹ́yìn gọ́tà. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, kí ni ọmọ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ yóò ṣe níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì?

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọmọ tí kò gbọ́ràn, torí òun ni àwọn èèyàn ń rò pé ó rọrùn jù. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ pé, kó sáà jókòó níwájú. Ó jókòó níwájú lóòótọ́. Títíṣà kọjú sí pátákó, ó ń kọ̀wé, ó ń sọ̀rọ̀. Ọmọ yẹn tó ń fi ojú wo ẹnu títíṣà kó lè mọ ohun tó ń sọ, ẹ̀yìn orí ló ń wò báyìí. Wọ́n ní kí wọ́n dìde, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó dìde gbẹ̀yìn, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe ìwé fún wọn láti kọ, ó ń jí ti ẹnìkejì wò, wọ́n nà án pé ó ń jíwèé wò. Nígbà tọ́dún bá parí, wọ́n á gbé e lọ sí kíláàsì tó kàn, torí wọn kò fẹ́ wàhálà. Ọdún mẹ́fà bẹ́ẹ̀. Ó parí praimárì, kò lè kọ orúkọ bàbá rẹ̀. Inú ìwé ìjọba, ọmọ tó kàwé ni wọ́n kà á sí.

Kí ẹ má sì rò pé ilé ìwé ọ̀tọ̀ ni ọ̀tá. Ẹni tó kọ́kọ́ tan iná fún ọ̀pọ̀ adití nílẹ̀ wa, adití ni òun fúnra rẹ̀: Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tó dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Ghana ní 1957. Ní Sùúrùlérè, láti 1962 ni ilé ìwé Pacelli ti wà fún àwọn afọ́jú. Nínú irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò gbọ́ràn ti ń rí àwọn tó ń sọ èdè rẹ̀. Èdè kì í wọ ara ẹni tó dá wà. Ọmọ kan ṣoṣo tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ láàárín àádọ́rin ọmọ, ta ni yóò dá a lóhùn? Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà wá nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé ti ilé ìwé ọ̀tọ̀ ti kọjá lọ. Kí wọ́n má gba ọ̀pá lọ́wọ́ arọ lónìí, kí wọ́n wá ní kẹ̀kẹ́ ń bọ̀ lọ́la.

Èmi tí mo ń kọ èyí, ata ni mo ń tà, ọmọ mi kẹta kò gbọ́ràn. Mo mú un lọ sí ilé ìwé tó sún mọ́ wa, ọ̀gá ibẹ̀ wo ojú mi, ó ní, "Ìyá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn adití." Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn adití, wọ́n ní ilé ti kún, wọ́n ní ṣé mi ò gbọ́ pé gbogbo ilé ìwé ló ń gbà wọ́n báyìí ni? Odidi sáà kan ni wọ́n fi ń ju ọmọ mi láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì bíi bọ́ọ̀lù. Owó ọkọ̀ tí mo ná ńkọ́? Ọjọ́ tí mi ò ṣí ìsọ̀ ńkọ́? Ata kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ó ń rà ni.

Ẹ wá wo bí òfin ṣe gùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní UBE, ti ọdún 2004, ní òbí tí kò bá rán ọmọ lọ sílé ìwé jẹ̀bi. Lẹ́ẹ̀kínní wọ́n á bá a wí. Lẹ́ẹ̀kejì ó di ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn ₦5,000 tàbí oṣù méjì. Èyí yé wa. Èmi tí mo rán ọmọ lọ tí wọ́n lé e padà ńkọ́? Òfin 2019 náà kò dákẹ́ lórí ìyẹn: ẹni tó bá ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ fún ìyà, ₦100,000 ni tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ tàbí àjọ, mílíọ̀nù kan náírà. Ẹ̀yin hẹ́dímásítà tẹ́ ẹ ń sọ pé "ẹ gbé e lọ ibòmíràn", ǹjẹ́ ẹ ti ka apá yẹn?

Wọ́n á ní kò sówó. Ọ̀rọ̀ tó máa ń bí mi nínú jù nìyẹn. Òfin 2004 yẹn kan náà ló ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kí ìpínlẹ̀ sì mú tirẹ̀ wá kó tó gba tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àjọ UBEC fúnra rẹ̀ fi ń ké pé owó wà nílẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ kan kò wá gbà, torí wọn kò mú tiwọn sílẹ̀. Kí ẹ wá bá aláta sọ pé kò sówó! Títíṣà náà ńkọ́? Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní Ọ̀yọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977, iṣẹ́ kíkọ́ irú títíṣà bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ dá a. Yunifásítì Ìbàdàn náà ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ tó ti ibẹ̀ jáde wà, òmíràn ń ta káàdì fóònù. Ẹ gbà wọ́n síṣẹ́.

Mo fẹ́ bá àwa fúnra wa náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Àwọn kan láàárín wa ń kùn pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á fa ọmọ tiwọn sẹ́yìn. Ìyá, títíṣà kan ṣoṣo tí wọ́n fún ní àádọ́rin ọmọ ló ń fa ọmọ yín sẹ́yìn, àìsí àga ló ń fà á sẹ́yìn. Bí ẹnìkejì bá wọ kíláàsì yẹn láti ràn án lọ́wọ́ torí ọmọ tèmi, ọmọ tiyín náà á jẹ nínú rẹ̀. Àwọn tó sì ń sọ pé ẹ̀mí òkùnkùn ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí etí wa sinmi. Ibà pọ́njú lára ọmọ tuntun tí a kò tètè gbé lọ sí ọsibítù lè gba etí ọmọ, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Éèyi lè gba ojú, ó lè gba etí. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ìyá fún àbẹ́là àti òróró, ìbá ti fi gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Àwọn ará wa tó ń gbé ìlú London mọ irú ìjà yìí dáadáa. Láti inú òfin kan ti ọdún 2014 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ ìwé kan fún ọmọ tí ìṣòro rẹ̀ bá pọ̀: ohun tí ọmọ náà nílò, ẹ̀kọ́ tí wọn yóò fún un, ìtọ́jú tó tọ́ sí i, ó sì lè bá a lọ títí dé ọdún 25. Bí ìjọba ìbílẹ̀ kò bá ṣe é bó ti yẹ, òbí lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2025 ariwo sọ níbẹ̀, ẹ̀rù ń ba àwọn òbí pé àtúnṣe tí ìjọba ń gbèrò yóò gba ìwé yẹn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń jà kí wọ́n má gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Àwa kò tíì rí ìwé kankan gbà.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ gbé lọ síwájú ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa nìyí. Kí wọ́n sọ fún wa, pẹ̀lú ìwé, ilé ìwé wo ní àdúgbò wa ló ní títíṣà tó kọ́ṣẹ́ yìí, kí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwé náà sílẹ̀. Kí wọ́n má kó ọmọ kankan kúrò nílé ìwé ọ̀tọ̀ tó wà kí títíṣà tó ti wà nílé ìwé tuntun tí wọ́n ń gbé e lọ. Ọ̀gá ilé ìwé tó bá lé ọmọ padà, kó kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i, kó fi lé ìyá lọ́wọ́. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní lé ọmọ mọ́ tí wọ́n bá ti rántí pé wọn yóò fọwọ́ sí i.

Wọn kò ní ka ọ̀rọ̀ ẹnu kún, iye ọmọ ni wọn yóò bi wá. Kí ìyá tàbí bàbá tó ní irú ọmọ yìí wá bá akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó tó. Ọjọ́ orí ọmọ, ohun tó ń ṣe é, ilé ìwé tó wà tàbí èyí tó lé e, àti ọjọ́ tí wọ́n lé e, ìyẹn tó. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kó wá sọ ọ́ lẹ́nu, a ó bá a kọ ọ́. Ẹni tí ojú ń tì, kó wá lálẹ́ lẹ́yìn tí ọjà bá tú, a ó ṣì wà níbẹ̀.