Eku Kan, Ihò Méjì

Láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé ni a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo, ó sì ti di àṣà wa láti máa fi òwe náà na olójúkòkòrò bí ẹni fi pàṣán na ọ̀lẹ: àpọ́n tí ó ń fẹ́ obìnrin méjì tí àwọn méjèèjì fi kọ̀ ọ́, àgbẹ̀ tí ó dá oko sí ọ̀nà méjì tí koríko fi bo méjèèjì mọ́ ọn lójú. N kò bá òwe náà jà, nítorí pé ẹni tí ó bá ń bá òwe jà, àwọn tí ó pa á ni ó ń bá jà. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, mo rí ohun kan tí ó mú mi tún òwe náà gbé yẹ̀ wò, nítorí pé eku tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí ní ọjọ́ náà kì í ṣe eku inú igbó, eku orí tábìlì ni.

Àbúrò mi obìnrin ni ó ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún, tí kọ̀ǹpútà sì ti di ọkọ́ àti àdá fún un, ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ kan ní Ìkẹjà, ó sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú èyí tí ó ti ní tẹ́lẹ̀, kí ó lè máa fi ọ̀kan ta géèmù, kí ó sì máa fi èkejì ka ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń ta á. Láti ọjọ́ náà ni ayọ̀ géèmù ti di ìbànújẹ́ fún un. Bí ó bá wà lójú ogun, tí ọ̀tá yọ sí i lójijì láti apá ọ̀tún, tí ó sì fa eku wàrà láti kọjú sí i, ọfà kékeré tí eku náà ń darí yóò yọ́ kúrò nínú géèmù, yóò bọ́ sójú mọ́nítọ̀ kejì. Nígbà tí ó bá sì tẹ eku láti yìnbọn, ibẹ̀ ni ìtẹ̀ náà yóò bọ́ sí, géèmù yóò di etí sí i bí ìjàpá tí ó kó orí wọ inú igbá rẹ̀, kí ọmọ náà sì tó dá ọfà padà, wọ́n ti pa á.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni ìyá rẹ̀ wí, “ẹ bá mi sọ fún un pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Kí ó yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀.”

Ọmọ náà kò bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Èmi ni ó yíjú sí, ó ní, “Bàbá, ẹ wò ó o. Eku kan ṣoṣo ni mò ń lé.”

Gbólóhùn yìí wọ̀ mí lára, nítorí pé òtítọ́ ni. Ẹni tí ó bá ti gbẹ́ òkété rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ wí. Òkété kì í gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu kan. Ẹnu tí yẹ̀pẹ̀ wà níwájú rẹ̀ ni ojú wa ń tètè rí, ṣùgbọ́n ẹnu mìíràn wà tí ó fi koríko bò sí ẹ̀yìn, èyí tí ó fi pamọ́ de ọjọ́ ìpọ́njú. Bí ọdẹ bá ń fi gbogbo agbára gbẹ́ ti iwájú láì dí ti ẹ̀yìn, yóò gbẹ́ ilẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, òkété yóò sì ti wà ní oko ẹlòmíràn. Irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ pòfo, ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é ní olójúkòkòrò? Eku kan ni ó lé, ihò kejì ni kò dí. Ó dá mi lójú pé àwọn tí ó pa òwe wa mọ èyí, torí ọdẹ ni wọ́n. Àwa tí a jogún òwe láì jogún oko ni a sọ ọ́ di ẹgba fún gbogbo ẹni tí ó bá ní ju ohun kan lọ níwájú rẹ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ọ́. Ta ni ó wá la ògiri yìí? Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni. Bí a bá so mọ́nítọ̀ méjì mọ́ kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows, tí a sì ní kí ó tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ dé orí méjèèjì, kì í kà wọ́n sí yàrá méjì, pápá gbalasa kan ni ó kà wọ́n sí, kò sì sí ààlà láàrin wọn lójú eku. Ẹ̀bùn ńlá ni èyí jẹ́ nígbà tí Windows 98 kọ́kọ́ gbé e dé ilé àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ńlá. Eku pàápàá kò jẹ̀bi. Nígbà tí Bill English fi igi ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1964 láti inú èrò Douglas Engelbart, ní ilé ìwádìí kan ní Kalifọ́níà, tí Engelbart sì fi í han ọ̀pọ̀ ènìyàn ní San Francisco ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kí ó dé ibikíbi tí ọwọ́ bá darí rẹ̀ sí. Okùn tí ó wọ́ tẹ̀lé e bí ìrù ni ó sọ ọ́ ní eku. Iṣẹ́ tí a rán eku ni ó ń jẹ́.

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ètò mọ́nítọ̀ méjèèjì ni a kọ́kọ́ ṣí wò, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ya àwòrán wọn sí abẹ́ Display. Lórí tábìlì, apá òsì ni tòkunbọ̀ wà. Nínú àwòrán, apá ọ̀tún ni kọ̀ǹpútà gbé e sí! Ìdí nìyí tí ọfà fi ń sá gba ọ̀tún jáde, tí yóò sì yọ ní òsì, tí ọmọ náà fi ń wá a kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ìwọ̀n wọn kò sì dọ́gba: mọ́nítọ̀ tí ó ti ní tẹ́lẹ̀, èyí tí mo pè ní àgbà, jẹ́ píksẹ́lì 1920 sí 1080, tòkunbọ̀ jẹ́ 1366 sí 768, orí wọn sì wà ní ọgbọọgba, tó bẹ́ẹ̀ tí píksẹ́lì 312 ìsàlẹ̀ àgbà fi dojú kọ ògiri, tí ọfà ń ha síbẹ̀, nígbà tí òkè ṣí sílẹ̀ gbayawu. A fa àwòrán tòkunbọ̀ sí ipò tí ó yẹ.

Ẹ̀yìn èyí ni a wá kan ihò kejì gan-an. Àṣẹ kan wà nínú Windows tí àwọn tí ń kọ ètò ń pè ní ClipCursor, èyí tí géèmù fi ń sọ ọgbà onígun mẹ́rin yí ọfà ká, kí ó má lè kọjá. Ọ̀pọ̀ géèmù ni ó ní in, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn fi í sí abẹ́ ètò wọn ní ibi tí ènìyàn kì í tètè wò, lábẹ́ ọ̀rọ̀ bíi “Lock Cursor” tàbí “Confine Mouse”. Ti ọmọ yìí wà níbẹ̀, láìtan, a sì tàn án. Ó ti ń fi ojú borderless, ìyẹn fèrèsé aláìlétí tí ó bo gbogbo ojú mọ́nítọ̀, ta géèmù, nítorí pé kì í jẹ́ kí géèmù fara pamọ́ bí ó bá yíjú sí mọ́nítọ̀ kejì, kò sì mọ̀ pé ojú yìí kì í fúnra rẹ̀ sọ ọgbà kankan, àfi bí ẹni tí ó kọ géèmù bá sọ ọ́.

Bí géèmù kò bá sì ní irú ètò bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹlòmíràn á tẹ Alt pẹ̀lú Enter, kí géèmù lè gba gbogbo ojú mọ́nítọ̀ fún ara rẹ̀ nìkan. Ẹlòmíràn á tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú P, á yan “PC screen only”, á sì pa èkejì títí eré yóò fi parí, èyí tí ó jẹ́ ìmọ̀ràn ìyá rẹ̀ gan-an, tí n kò sì kẹ́gàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wù mí jù ni ti àwọn tí ń fa àwòrán mọ́nítọ̀ kejì lọ sí ìkángun, títí tí igun rẹ̀ kan ṣoṣo yóò fi kan igun àgbà. Ògiri á yí ọfà ká, ẹnu ọ̀nà kan bíńtín ni yóò kù, tí olóye nìkan mọ̀, bí ẹ̀yìnkùlé tí ìyàwó ilé ń gbà jáde nígbà tí àlejò bá kún iwájú.

Ọgbà ClipCursor ní ìwà tí ó yẹ ẹni tí ó bá sọ ọ́. Àwọn tí ó ṣe Windows kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun àjọlò ni ọfà, àti pé ètò tí ó bá há a mọ́ gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ kí ó tó fi àyè sílẹ̀ fún ètò mìíràn. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo mọ èyí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ń ṣe pẹ̀lú kànga àdúgbò.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ náà tún gba ojú ogun lọ. Ọ̀tá yọ, ó fa eku, ọfà kọlu etí mọ́nítọ̀, ó sì dúró síbẹ̀ bí àgbò tí a so. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kọ ọ̀rọ̀ sí i ní apá òsì, ó tẹ Alt àti Tab, ọgbà ṣí, ọfà kọjá, ó fèsì, ó sì padà wọlé.

“Èwo ni o wá yọ kúrò nínú méjèèjì?” ni ìyá rẹ̀ bi í láti ẹnu ọ̀nà.

“N kò yọ ìkankan, Mọ́mì,” ni ó wí, láì gbé ojú kúrò níbẹ̀. Àbúrò mi fa àga kan, ó sì jókòó wò ó.