Iṣẹ́ Wà Nílé fún Àwọn Ọmọ Tó Ń Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì



Àwọn ọmọ wa wà ní yunifásítì Abomey-Calavi àti ti Parakou tí wọ́n ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Tí ìsinmi gígùn bá dé, wọ́n á wálé, wọ́n á jókòó títí ìwọlé á fi dé. A ò bá wọn wí. Ta ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ rí?

Iṣẹ́ sì wà. Lọ́dún 1976, ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju tẹ ìwé jáde lórí bí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ṣàkóso ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀ oòrùn, láti 1889 di 1945. Lọ́dún 1994, Biodun Adediran tẹ tirẹ̀ lórí àwọn ìlú ọba ẹ̀bá ààlà. Kétu wà níbẹ̀, Ṣábẹ wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ méjèèjì! Àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ kàn ò lè kà á, torí Faransé ni wọ́n fi kọ́ àwa tó lọ sílé ìwé láyé ọjọ́un.

Kí ẹgbẹ́ wa wá ìwé méjèèjì rà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú orí kan, kó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, kó kà á níwájú àwọn ìjòyè. Ìdánwò yunifásítì ò le tó ìyẹn. Níbi tí àgbà bá ti ní "Irọ́ ni, kò rí bẹ́ẹ̀", kí wọ́n kọ ohun tó sọ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Àwọn tó mọ ìtàn yìí ò pọ̀ mọ́, ẹ̀yin náà mọ iye tí a sin láìpẹ́.

Oṣù kẹjọ la fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìjòyè tí àgbàlá rẹ̀ bá gbòòrò, kó ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́.