Bí Awò Ojú Bá Fọ́, Kí Ni Kí Á Rà?

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà lára awò ojú ni ó jẹ́ oògùn. Síkúrù tí ó so apá mọ́ ọn, rọ́bà tí ó jókòó lé imú, ohun ìdìmú lásán ni wọ́n. Dígí inú rẹ̀ ni oògùn. Nítorí náà, n kò rí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn ra síkúrù lọ́wọ́ àwọn tí ń tún awò ṣe lẹ́bàá ọ̀nà ní Yábà tàbí ní Ojúẹlẹ́gba. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí á ra dígí níbẹ̀, kí á gbé e sójú, kí á sì wí pé, “Èyí mọ́lẹ̀ sí mi.” Ìwọ̀n ojú ọ̀tún lè yàtọ̀ sí ti òsì lára ẹnì kan ṣoṣo! Bí àárín dígí kò bá sì bá ẹyinjú mu, orí fífọ́ ni yóò tẹ̀lé e.

Ẹ yẹ inú apá awò yín wò. Ẹ ó sábà rí nọ́ńbà bí 52-18-140: fífẹ̀ dígí kan, àlàfo orí imú àti gígùn apá, ní mìlímítà. Orúkọ tàbí nọ́ńbà irú awò náà a sì máa wà nítòsí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Apá tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀ kì í ṣe ti awò yín, bí ó ti wù kí àwọ̀ wọn jọra tó.

Ní ti awò oòrùn, ibẹ̀ ni ẹ̀tàn pọ̀ sí jù. Bausch & Lomb ni ó ni Ray-Ban títí di 1999 tí Luxottica ti Ítálì fi rà á; ìdí nìyí tí a fi ń rí BL tí wọ́n fín sí etí ọ̀pọ̀ dígí àtijọ́, tí ti ìsinsìnyí sì jẹ́ RB. Ṣùgbọ́n ayédèrú náà mọ lẹ́tà í fín. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ju ti owó lọ. Dígí dúdú a máa mú kí ihò ẹyinjú gbòòrò. Bí kò bá dènà ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí, ọ̀nà ni ó ṣí fún un. Ẹ béèrè UV400, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, nítorí bébà tí a lẹ̀ mọ́ dígí kò ṣòro láti tẹ̀.

Láti 1989 ni òfin ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tí ń forúkọ àwọn ayẹjúwò àti àwọn olùṣe awò sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ má ṣe tijú láti béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí yóò gé dígí fún yín, ìbáà ṣe ní Súrùlérè tàbí ní Mushin. Bí ìwé ìwọ̀n ojú yín bá ti sọnù, ẹ kó dígí tí ó fọ́ náà dání; ẹ̀rọ wọn a sábà máa ka ìwọ̀n rẹ̀ lára èyí tí ó ṣẹ́kù.