Ṣọ́ọ̀bù Kọ́míìkì Kò Tíì Kógbá Sílé

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ tí kọ́míìkì tuntun sábà máa ń jáde ní Amẹ́ríkà, àwọn oníbàárà kan wà tí kì í béèrè ohunkóhun bí wọ́n bá wọ ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n tó dé ìdí káńtà, ọlọ́jà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti fa fáìlì tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀ jáde. Ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń wà níbẹ̀, àwọn tí oníbàárà ti ní kí wọ́n máa fi pa mọ́ fún òun. Nígbà míì, ìkarùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò béèrè á wà láàárín wọn. Ọlọ́jà ló fi sí i, torí ó rántí ohun tí onítọ̀hún rà lóṣù tó kọjá. "Ẹ wo èyí ná. Bí kò bá wù yín, ẹ fi í sílẹ̀."

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé òwò yìí máa tó parẹ́. Fóònù dé, Amazon dé, èèyàn lè ka kọ́míìkì lórí ibùsùn láìwọ ọkọ̀. Síbẹ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà. Àwọn olólùfẹ́ wọn a máa sọ pé ìrántí ìgbà èwe ló fà á. Ìyẹn nìkan kò tó. Bí wọ́n ṣe dá òwò ọ̀hún sílẹ̀ ló jẹ́ kó lágbára.

Ṣáájú ọdún 1970, ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn àti oògùn ni ọmọ Amẹ́ríkà ti ń ra kọ́míìkì. Èyí tí kò bá tà, àwọn ọlọ́jà lè dá a padà kí wọ́n gba owó wọn. Ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ dá odindi ìwé padà, èèpo iwájú ni wọ́n ń fà ya ránṣẹ́ bí ẹ̀rí. Ta ló máa wá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀? Láàárín ọdún 1972 sí 1973 ni Phil Seuling, olùkọ́ kan ní Brooklyn, bá àwọn tó ń tẹ kọ́míìkì ṣe àdéhùn mìíràn. Wọ́n á dín owó rẹ̀ kù dáadáa, àmọ́ èyí tí kò bá tà ti di ẹrù ẹni tó rà á. Ẹni tó ra ogún ẹ̀dà tó tà méje, mẹ́tàlá kù sí i lọ́wọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè ṣe kó má mọ oníbàárà rẹ̀. Fáìlì tó wà nídìí káńtà yẹn kì í ṣe oore, ọgbọ́n àtijẹ ni. Mẹ́tàlá tó kù náà ò ṣòfò tán: inú páálí ni wọ́n ń tò wọ́n sí, ẹni tó ń wá ìtàn ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn á wá máa fìka ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lambiek, ṣọ́ọ̀bù kọ́míìkì kan, ti ṣáájú àdéhùn yẹn. Ọdún 1968 ni Kees Kousemaker ṣí i ní Amsterdam. Ó kú ní 2010, ṣọ́ọ̀bù kò bá a lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní yóò pa irú wọn, Lambiek ti ń lò ó láti 1999 láti to ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán kọ́míìkì kárí ayé jọ, lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí a má tan ara wa o, ìfẹ́ aráàlú kì í san owó ilé. Ní Philadelphia, Ariell Johnson, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ṣí Amalgam ní 2015, kọfí ní apá kan, kọ́míìkì ní apá kejì. Ní 2016, Marvel tó ń tẹ kọ́míìkì ya obìnrin náà sára èèpo ìwé *Invincible Iron Man*. Òkìkí kàn, àmọ́ ní 2022, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà pa. Kódà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún tí wọ́n ń pín kọ́míìkì lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí Joe Field tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Concord, California dá lábàá, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní 2002, oníbàárà nìkan ló jẹ́ ọ̀fẹ́ fún. Ọlọ́jà ń san owó díẹ̀ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Diamond, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún pín ọjà fún àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí, gba kóòtù lọ nítorí gbèsè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá. Àwọn tó ka ìwé alàwòrán *Atóka* nígbà èwe rántí pé ọwọ́ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń rà á. Nígbà tó kásẹ̀ nílẹ̀, a kò gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù kankan bá a tọ́jú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ sínú páálí. Kọ́míìkì *Iyanu* tí Roye Okupe kọ, tí Dark Horse tẹ̀ ní 2021, tó sì di eré tẹlifíṣọ̀n ní 2025, ti rí ibi tó dára ju ìyẹn lọ. Kí òbí tó ń gbé Houston tàbí London mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ́míìkì tó sún mọ́ wọn, kó béèrè *Iyanu*. Bí kò bá sí lórí àtẹ, kó ní kí wọ́n bá òun mú un wá, kó sì padà wá san owó rẹ̀ níbẹ̀.