Ẹ Kọ Kọ́ọ̀dù Sórí Orin, Ẹ̀yin Ọ̀gá Akọrin

Àwọn ọmọ tó ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí àwa atẹdùùrù ló sábà máa ń bá wọn wí pé wọn ò mọ ìwé orin kà. Ta ló kọ́ wọn? Sol-fa ni ọ̀pọ̀ akọrin mọ̀. Orúkọ kọ́ọ̀dù ni oníjìtá mọ̀: C, Am, G7. Ìwé tí à ń há fún wọn kò sì ní ẹyọ kọ́ọ̀dù kan lórí. Etí ni wọ́n fi ń wá orin.

Ká ní orin wà ní key G. Láàárín ẹsẹ, ẹni tó kọ ọ́ fi E7 síbẹ̀ kí orin lè bọ́ sí Am. Àwọn alto ń kọ “de”, ìyẹn G#. Oníjìtá tí kò rí nǹkan kan lórí ìwé á ta Em, G lásán ló sì wà nínú Em. G kọlu G#, orin dàrú, ọmọ náà ni wọ́n á dá lẹ́bi. Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan péré ni ì bá gbà á sílẹ̀.

Nígbà tí a ń fi bírò kọ orin, mo gbà pé iṣẹ́ ńlá ni. Ní báyìí, orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọ ọ́. MuseScore ni èmi ń lò; ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan nóòtù tí kọ́ọ̀dù ti bẹ̀rẹ̀, ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ K. Àyè kékeré á yọ lókè nóòtù náà, ẹ kọ E7 síbẹ̀. Bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé yín lọ síwájú. Lẹ́tà b kékeré á di àmì fláàtì fúnra rẹ̀. Bí bass bá mú ohùn mìíràn, ẹ kọ ọ́ báyìí: D7/F#. Níbi tí ìlù àti ohùn ènìyàn nìkan ti ń sọ̀rọ̀, ẹ kọ N.C. (ìyẹn “kò sí kọ́ọ̀dù”), kí atẹ-kíbọ́ọ̀dù gbọ́wọ́ sókè. Orin ìbílẹ̀ wa nílò èyí gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Ctrl+T kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ lásán ni ìyẹn lójú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tí àwọn soprano bá ní orin ga jù, tí ẹ sì gbé e láti A♭ wá sí F, gbogbo nóòtù á sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán á dúró gbagidi. Kọ́ọ̀dù gidi á bá wọn lọ: E♭7 á di C7. Àǹfààní mìíràn tún wà: ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn tó ni Finale, ètò ìkọ̀wé orin mìíràn, kéde pé àwọn ò ní ṣe ẹ̀dà tuntun mọ́. Ẹni tó bá fi irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní MusicXML tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ lè gbé e lọ sínú ètò mìíràn, kọ́ọ̀dù gidi á sì tẹ̀ lé e.

T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ, Marina, l'Ékòó láti 1914 di 1962, tẹnu mọ́ ọn pé ohùn orin gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá mu. Àwọn tó ń tọ ọ̀nà yẹn lónìí ń fara balẹ̀ yan ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìfiṣòfò ni ká wá sọ ìsàlẹ̀ orin wọn di ohun tí à ń fi etí wá.

Àwọn kan ní kọ́ọ̀dù kò ní jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́ ìwé orin kà. N kò gbà. Ojú tó ń wo E7 lórí ìlà márùn-ún ń rí nóòtù tó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ ni ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá akọrin, kí ẹ tó fi orin Kérésì ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ yín, ẹ tún fáìlì náà ṣí, kí ẹ kọ kọ́ọ̀dù sí i.