Òfo Kì Í Ṣe Òdo: Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Tó Ń Kọ Kóòdù Àkáǹtì

Àwọn tí lẹ́tà yìí ń bá wí ni àwọn tó ń kọ kóòdù àkáǹtì fún báńkì àti áàpù ìsanwó l'Ékòó. Ì bá dára kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja ọ̀sà. Ìyá ẹlẹ́ja tí kò tíì ka ẹja inú agbọ̀n rẹ̀ kì í sọ pé agbọ̀n ṣófo. “Mi ò tíì kà á” lọ́tọ̀, “kò sí” lọ́tọ̀.

Ẹ wá wo ìyá yìí nígbà tó bá lọ ṣí àkáǹtì. Wọ́n ní kó sọ orúkọ àárín. Kò ní in. Fọ́ọ̀mù ò gbà kí àyè náà ṣófo, ni akọ̀wé bá tẹ dọ́ọ̀tì sí i. Kò sí dọ́ọ̀tì nínú orúkọ tó wà lórí NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) rẹ̀, ni ẹ̀rọ bá ní méjèèjì ò bára mu. Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Ọdún nìkan ló mọ̀. Kóòdù mìíràn á sọ ọjọ́ tí kò sí di òdo, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń ka àkókò láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970. Bí ìyá àgbà ṣe di ẹni tí wọ́n bí lọ́dún 1970 nìyẹn.

Google pàápàá jìyà irú àṣìṣe yìí, kí ohun tí a kò mọ̀ di òdo. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2020, Gmail àti YouTube dákú kárí ayé fún ohun tó ju ìṣẹ́jú 40 lọ. Ètò àtijọ́ kan ló ń ròyìn pé ètò tó ń dá oníàkáǹtì mọ̀ kò lo nǹkan kan: òdo. Ètò tó ń pín ààyè gba òdo yẹn gbọ́, ó gé ìpín rẹ̀ kù, àwọn èèyàn ò sì lè wọlé mọ́.

Ní 1965 ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà Tony Hoare fi òfo (null), ìyẹn àmì pé àyè kan kò ní nǹkan nínú, sínú èdè kọ̀ǹpútà ALGOL W nítorí pé ó rọrùn láti ṣe. Ní 2009, òun fúnra rẹ̀ pè é ní àṣìṣe bílíọ̀nù dọ́là. Èdè Kotlin ti wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba òfo láàyè fi àmì ìbéèrè sí i. Àwáwí ò sí mọ́.

Kí fọ́ọ̀mù gba ọdún ìbí láìsí ọjọ́. Kí nọ́ńbà tí kò dé má di òdo. Kí ètò sọ pé òun ò rí i gbà. Àkáǹtì tí wọ́n fi ń dán kóòdù wò sábà máa ń pé pérépéré: orúkọ mẹ́ta, ímeèlì, àdírẹ́sì tó ní nọ́ńbà ilé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ ní Olúwo.