Ọ̀dà Yẹ́lò Kò Tó: Ẹ So Iná Bíréèkì Kẹta Mọ́ Ẹ̀yìn Dáńfó

Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ láti Ìkòtún lọ sí Ìgàndò ní aago méje ìrọ̀lẹ́ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, dáńfó kan wà níwájú, ọlọ́kadà kan wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi sì tẹ̀ lé ọlọ́kadà. Ẹnì kan nawọ́ létí ọ̀nà, awakọ̀ dáńfó sì tẹ bíréèkì lójijì. Iná kankan kò tàn. Ti apá òsì ti fọ́, ọ̀rá pupa ni wọ́n fi dí i. Ti apá ọ̀tún wà lódindi, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀. Ọlọ́kadà lọ kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Obìnrin tó gbé sẹ́yìn ṣubú sójú títì, bàtà rẹ̀ kan sì wọ abẹ́ ọkọ̀ mi. Ọlọ́run yọ wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ obìnrin náà kán. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ dáńfó ti ń pariwo mọ́ ọlọ́kadà pé, "Ṣé o ò ríran ni?"

Kí ni kó rí? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kò ní ohun tó lè tètè sọ fún un pé ẹni iwájú ti tẹ bíréèkì ju iná lọ. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó: kí dáńfó tàbí kórópe kankan má ṣe gba ìwé ẹ̀rí ìyẹ̀wò mọ́, àfi èyí tó bá ní iná bíréèkì kẹta lókè, ní agbedeméjì ẹ̀yìn rẹ̀, tí iná náà sì ń tàn.

Iná yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1974, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, John Voevodsky, tẹ àbájáde ìdánwò rẹ̀ jáde. Ó ti so iná ìkìlọ̀ aláwọ̀ ọsàn mọ́ ẹ̀yìn takisí 343 ní ìlú San Francisco, ìkọlù láti ẹ̀yìn sì fi nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìdánwò tiwọn, wọ́n wá sọ iná pupa kẹta di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọdún 1986 síwájú, àti fún ọkọ̀ akẹ́rù kékeré àti bọ́ọ̀sì kékeré láti ti ọdún 1994. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀ pé nígbà tí ojú ti mọ́ iná náà, èrè rẹ̀ rẹlẹ̀: ìdá 4.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ìwádìí ìjọba wọn ní 1998 rí. Àwọn kan yóò fi èyí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà ṣírò pé yóò gba ènìyàn 58,000 sí 70,000 lọ́wọ́ ìfarapa lọ́dọọdún. Iná méjì ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tiwọn sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ dáńfó wa kò ní ẹyọ kan tó ń tàn.

Ẹ wo tòkunbọ̀ méjì tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ní iná kẹta. Èyí tó ti Bẹ́ljíọ̀mù wá lè má ní, nítorí pé Yúróòpù pẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ di dandan. Kì í ṣe owó ló fa ìyàtọ̀, òfin ni.

Golf 3 tèmi wà lára àwọn aláìní. Lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ rewáyà kan ní Ìdímù. Ó lẹ iná LED gbọọrọ kan mọ́ òkè gíláàsì ẹ̀yìn, ó fa wáyà kan láti ibi tí iná bíréèkì ìsàlẹ̀ ti ń gba iná, ó sì so èkejì mọ́ irin ara ọkọ̀. Ó ṣe é tán kí n tó jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà mi tán. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣe fún un: kó má ṣe fa wáyà náà láti ara iná alẹ́. Iná tó bá ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ dòwúrọ̀ kò sọ nǹkan kan fún ẹni ẹ̀yìn. Ohun tó ń dààmú iná ìsàlẹ̀ gan-an nìyẹn: ojú kan náà ló ti ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ àti ti bíréèkì, pupa tó túbọ̀ mọ́lẹ̀ sí i lásán ni. Ti òkè kì í tàn àfi bí ẹsẹ̀ bá kan bíréèkì. Ẹrẹ̀ kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹni kẹta lẹ́yìn sì lè rí i gba inú gíláàsì ẹni kejì. LED tún máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá yá ju gílóòbù lọ. Fún ọkọ̀ tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí, ó ju mítà 3 lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé apá kò ká awakọ̀ dáńfó. Ìjọba kan náà ló ní kí wọ́n kun ọkọ̀ wọn ní yẹ́lò, kí wọ́n fa ìlà dúdú méjì sí i lára, wọ́n sì gbọ́. Ìjọba tó lè pàṣẹ ọ̀dà lè pàṣẹ iná. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé bọ́ọ̀sì tuntun ń bọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2017 ni Gómìnà Akínwùmí Ambode kéde pé dáńfó yóò kúrò lójú pópó Èkó. Ẹ jáde sí Ìkòtún lónìí kí ẹ lọ kà wọ́n. Nígbà tí wọ́n sì fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, Àlímọ̀ṣọ́ kò sí lára wọn, Àlímọ̀ṣọ́ tí ètò ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí, tó pọ̀ ju ti ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí ní Èkó. Dáńfó níwájú, ọ̀kadà lẹ́yìn: bí a ṣe ń rìn nìyẹn, bí a ó sì ṣe máa rìn fún ọdún púpọ̀ sí i nìyẹn. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Awakọ̀ yóò ní kò sówó. Mo gbà pé nǹkan le. Ṣùgbọ́n owó tí àwọn agbèrò ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan yóò ra iná yìí, yóò sì san owó rewáyà. Kí ẹgbẹ́ awakọ̀ yọ̀ǹda owó ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo fún un. Kí ìjọba fún wọn ní oṣù mẹ́ta kí ìtanràn tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà di ọ̀nà àtijẹ fún àwọn tó ń dúró lábẹ́ igi. Kí òṣìṣẹ́ VIO tó bá dá ọkọ̀ dúró sì kọ́kọ́ sọ pé "Tẹ bíréèkì kí n wò ó," kó tó sọ pé "Mú ìwé wá."

Mo bi rewáyà mi léèrè bóyá àwọn onídáńfó ń wá ṣe irú rẹ̀. Ó ní ẹyọ kan ló wá. Iná búlúù tó ń ṣẹ́jú bíi ti ọlọ́pàá ló fẹ́, òun sì lé e lọ.